WhatsApp kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ mi

Àǹkárá àti léèsì ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Orí WhatsApp ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi ti ń ná ọjà. Mo ti lo àwọn áàpù mìíràn, àmọ́ èyí ló jẹ́ kí n máa ṣe nǹkan bó ṣe wù mí, nígbà tó wù mí.

Ẹ wo voice note. Mo tẹ àwòrán máìkì mọ́lẹ̀, mo fi ìka fà á lọ sókè títí ó fi kan àgádágodo, ni mo bá yọwọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, mo ń wọn aṣọ fún ẹni tó dúró níwájú mi. Bí ẹnì kan bá kí mi, mo dá a dúró díẹ̀, mo tún máa bá a lọ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2021, èèyàn lè kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Mo máa ń gbọ́ ọ dáadáa, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, torí iye yáàdì àti owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ yé màmá ìyàwó yékéyéké. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, garawa ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Mo dà á nù, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ náà ṣeé tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15, láti ọdún 2023. Ẹni tí mo kọ ọ́ sí á rí i pé mo ti tún un ṣe. Àyè wà fún mi, kò sì sí ẹ̀tàn fún òun. Èyí dára gan-an ni!

Áàpù báǹkì kan tí mo ń lò kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tí mo bá ti tẹ PIN tán, ojú fóònù á kàn máa yí. Kò ní sọ bóyá owó ti lọ tàbí kò tíì lọ, kò sì síbi tí mo lè tẹ̀ láti dá a dúró. Ẹni tí mo fẹ́ sanwó fún á máa wò mí lójú.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún WhatsApp. Ohun tó gba ìkarùn-ún ni gúrúùpù: bí ẹ ò bá fọwọ́ ara yín yí i, ẹnikẹ́ni ló lè fà yín wọ̀ ọ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Privacy, lẹ́yìn náà Groups, kí ẹ wá mú My contacts.