Gewehr 88 tí mo rà ní Amẹ́ríkà: ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Olùtajà kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé ojúlówó ìbọn ológun Jámánì ọdún 1891 ni, pé ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ ohunkóhun lára rẹ̀. Ọdún yẹn jẹ́ òótọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin pẹ̀lú orúkọ Spandau, níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ìyókù ni mi ò gbà.

Nígbà tí Faransé gbé ìbọn Lebel jáde ní 1886 pẹ̀lú ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, ara Jámánì ò balẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, òun ló ṣe Gewehr 88. Àwọn èèyàn ń pè é ní Mauser, orúkọ ilé iṣẹ́ ìbọn Jámánì mìíràn, kì í ṣe Mauser rárá. Ọta márùn-ún ló ń wà nínú páànù kan, ìyẹn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dì wọ́n pọ̀, wọn á ti gbogbo rẹ̀ bọ inú ìbọn pa pọ̀. Bí ọta tó kẹ́yìn bá gòkè, páànù á gba ihò ìsàlẹ̀ já bọ́.

Ihò yẹn ni mo kọ́kọ́ wò. Wọ́n ti bò ó pa. Lókè, wọ́n ti kan irin méjì mọ́ ọn láti máa gba ọta lọ́nà tuntun, wọ́n sì ti gé ẹ̀gbẹ́ òsì kí àtàǹpàkò lè ráyè. Àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní 88/05 nìyẹn, torí ọta tuntun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní S. Nọ́ńbà tó wà lára irin tí a fi ń wo ọ̀kánkán sì jẹ́ ti Lárúbáwá: Jámánì kó ọ̀pọ̀ irú ìbọn yìí fún àwọn Ottoman, ìjọba Túúkì àtijọ́, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìtàn yìí dùn mọ́ mi gan-an, olùtajà ò sì mẹ́nu kàn án!

Bí ẹ̀yà ìbọn bá jẹ́ ti àtilẹ̀wá, nọ́ńbà ara wọn máa ń bára mu. Nọ́ńbà ara ìbọn gan-an àti ti túùbù tó bo ọ̀pá rẹ̀ bára mu. Ti igi yàtọ̀, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Bóòtì, irin tí à ń fà sẹ́yìn síwájú láti ti ọta bọ inú ọ̀pá, ló kó mi lọ́kàn sókè. Orí bóòtì Gewehr 88 máa ń yọ lọ́tọ̀, ó sì rọrùn láti sọ nù, nítorí náà orí bóòtì ìbọn kan sábà máa ń bọ́ sára ìbọn mìíràn. Nọ́ńbà orí bóòtì tèmi yàtọ̀, ti bóòtì fúnra rẹ̀ yàtọ̀, kò sí èyí tó bá ti ìbọn mu. Àyè tó wà láàárín orí bóòtì àti ìdí ọta gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí. Bó bá fẹ̀ jù, ìdí ọta lè ya, kí iná tú sójú ẹni tó yìn ín.

Ẹ má fi lẹ́tà S ara irin nìkan ṣe ẹ̀rí pé ìbọn lè yin ọta S láìséwu. Ọta àtijọ́ fẹ̀ tó mílímítà 8.1, ti S tó 8.2; ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn wọn inú ọ̀pá àti àyè bóòtì. Èmi ò ní yin tèmi.

Ìbọn náà, ìràwọ̀ mẹ́rin. Àlàyé olùtajà, ẹyọ kan. Mo fi àwòrán nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i, ó dá díẹ̀ padà nínú owó mi, àmọ́ ó ṣì ń kọ “ojúlówó” sábẹ́ àwọn ìbọn yòókù láìya àwòrán bóòtì ọ̀kankan.