Ẹ̀rọ ìfọ abọ́ mi kò kú, nǹkan ló há a lọ́fun

Tí ẹnjiníà bá wá sílé yín tó ní pọ́ǹpù ẹ̀rọ ìfọ abọ́ yín ti kú, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó yọ asẹ́ wò. Tí kò bá yọ ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú mi ṣì ń ru, ẹ jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀, mi ò ní sọ iye abọ́ tó ń gbà fún yín, ó wà lára páálí. Ó ń fọ abọ́ mọ́, kì í pariwo. Ìkùnsínú kan ṣoṣo tí mo ní ni pé àwọn irin agbọ̀n ìsàlẹ̀ sún mọ́ra jù, abọ́ tó bá jìn nínú kì í jókòó síbẹ̀ láìfara gún èkejì. Ó tán.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró láàárín iṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, omi ọlọ́ràá dúró sí ìsàlẹ̀, ó ń rùn. Mo tì í padà, mo tún un tẹ̀. Ó kùn, ó kùn, ó dákẹ́, ó wá ń ṣẹ́ nọ́ńbà kan sí mi lójú. Mo pe ilé-iṣẹ́ tí mo ti rà á. Wọ́n ní gàráńtì ti parí, kí n san owó àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó gbéra. Mo san án.

Ẹnjiníà dé, arákùnrin kan tó múra dáadáa, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ náà, ó gbọ́ bó ṣe ń kùn, ó fi fóònù ya nọ́ńbà yẹn, ó mirí.

"Pọ́ǹpù ti kú, mà."

Mo ní, "Ẹ ò tíì wo inú ẹ̀."

"Nọ́ńbà yìí ti sọ gbogbo ẹ̀, mà."

"Ẹ ò ní yọ asẹ́ wò ni?"

"Asẹ́ kọ́ ló ń fa irú èyí."

Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò tan tọ́ọ̀ṣì. Kò fa agbọ̀n ìsàlẹ̀ jáde pàápàá. Àpò irinṣẹ́ tó gbé kọ́ èjìká, síìpù rẹ̀ ò ṣí títí tó fi lọ. Mo ń ṣọ́ ọ. Bírò nìkan ló fà yọ. Ó kọ owó pọ́ǹpù, ó kọ owó iṣẹ́, ó rò ó pọ̀, ló bá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore: "Tó bá jẹ́ tèmi ni, mà, màá kúkú ra tuntun. Ẹ̀yà ara irú èyí ti ń ṣọ̀wọ́n."

Ṣọ̀wọ́n kẹ̀? Ní Yúróòpù, láti oṣù kẹta ọdún 2021, òfin ti ní kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọ abọ́ rí i pé àwọn alátùn-únṣe ń rí pọ́ǹpù àti mọ́tò rà fún ọdún 7, ó kéré tán, lẹ́yìn tí èyí tó kẹ́yìn nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ti dọ́jà. Ti asẹ́, róbà ẹnu ilẹ̀kùn àti apá tó ń fọ́n omi jẹ́ ọdún 10, oníbàárà fúnra rẹ̀ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun ló yá arákùnrin yìí lára láti tà.

Mi ò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Bó ṣe jáde báyìí, mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ máa pè. Orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, orin kan náà ṣáá, títí mo fi mọ ibi tó ti máa ń já. Ọkùnrin kan gbé e, ó gba orúkọ mi, ó fi mí ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ìyẹn náà gba orúkọ mi, orin tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá ni obìnrin kan gbé e, òun gan-an ni mo torí rẹ̀ ń kọ èyí.

Mo ti ń gbaná jẹ kó tó kí mi tán. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tẹ́nu mi fi gbẹ. Ó wá ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ náà kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kùn. Mo gbọ́ tí obìnrin yìí rẹ́rìn-ín. "Kò kú, mà. Èyí tó kú kì í sábà dún rárá. Nǹkan ló há a lọ́fun."

Ó ní kí n yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kì í ṣe pé kí n kàn pa á. Kí n fa agbọ̀n ìsàlẹ̀ jáde, kí n fi ife bu omi yẹn, kí n fi fóòmù fa èyí tó kù, kí n wá yí asẹ́ sọ́wọ́ òsì kí n fà á sókè. Ó ní, "Ẹ wo inú ihò yẹn. Ìdérí oníke kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ fi ìdí ṣíbí gbé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, ìgò ló sábà máa ń wà níbẹ̀."

Ìgò ni lóòótọ́. Àfọ́kù ife kan tó kéré bí èékánná ló dábùú láàárín ewé fáànù tó ń ti omi jáde, igi ìtayín kan wà lábẹ́ rẹ̀, bébà ara ìgò tó ti rà sì lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. Mo yọ wọ́n. Ó ní kí n fi ìka yí fáànù náà wò. Mo yí i, ó ń dúró, ó ń fò, kò yí geerege. Àyà mi já. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ní, "Tó bá ń fò lábẹ́ ìka yín, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn, òòfà ló wà nínú mọ́tò ẹ̀. Ẹ tẹ ìdérí padà títí tó fi máa dún kẹ́. Tí kò bá wọlé dáadáa, omi á kàn máa yí síbẹ̀ ni, kò ní jáde."

Ó dún kẹ́. Mo dá a padà sára iná, mo tẹ̀ ẹ́, omi sì ya lọ sábẹ́ síńkì gbààà. Mo pariwo. Òun náà pariwo lọ́hùn-ún.

Ó yẹ kó gbé fóònù sílẹ̀ níbẹ̀, kò gbé e sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ṣẹ́ sí mi lójú yẹn ò dárúkọ pọ́ǹpù rárá. Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé omi ò tíì jáde nígbà tó yẹ kó ti jáde. Asẹ́ tó dí lè fà á, róbà omi ìdọ̀tí tí nǹkan tẹ̀ pa lẹ́yìn ẹ̀rọ lè fà á, ibi tí róbà náà ti wọ abẹ́ síńkì náà lè dí. Èyí tó kẹ́yìn lára ohun tí a ń fura sí ni pọ́ǹpù. Ó ní ká máa nu àyíká asẹ́ dáadáa ká tó fà á yọ, torí ìgbà tí asẹ́ bá kúrò ni àfọ́kù máa ń já bọ́ sínú ihò yẹn. Àti pé omi díẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń lò, bíi lítà 10 sí 12 fún odindi ìfọ̀ kan lára àwọn tòde òní, omi kan náà ló sì ń fọ́n yípo. Asẹ́ tó bá dọ̀tí, ìdọ̀tí ẹ̀ ló ń padà sára abọ́.

Mo bi í nípa funfun tó máa ń bo ife mi. Ó ní kí n fi ọtí kíkan nu ọ̀kan: tí funfun náà bá kúrò, omi líle ni, ìyẹn omi tí ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, kí n bu iyọ̀ ẹ̀rọ sí àyè rẹ̀, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, tí kò bá kúrò, ojú ife ló ti jẹ, kò látùn-únṣe. Tèmi kúrò. Wọn ò kọ eléyìí sínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, tàbí kí n ní wọ́n kọ ọ́ tíntìntín débi tí ojú mi ò lè rí i.

Ọ̀rọ̀ ì bá dùn parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kó bá mi gba owó àyẹ̀wò mi padà. Ó ní, "Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi, mà," ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀ka owó. Ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ ní àyẹ̀wò ti wáyé, ó wà nínú àkọsílẹ̀ ẹnjiníà, ó sì kà á sí mi létí: "A yẹ asẹ́ wò, ó mọ́." Ẹ gbọ́ o! Asẹ́ tó wà lábẹ́ omi ọlọ́ràá, tí ẹnikẹ́ni ò lè rí láìkọ́kọ́ bu omi náà! Mo bi í pé kí ni arákùnrin yẹn fi bu omi, ṣé bírò ni? Ó ní àwọn máa ṣèwádìí. Láti ìgbà yẹn, wọn ò pè mí, bí mo bá sì pè, orin ni.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Obìnrin orí fóònù ló ni mẹ́ta, ẹ̀rọ náà ló ni ọ̀kan. Ìkan tó kù wà lọ́dọ̀ ẹ̀ka owó; ọjọ́ tí owó mi bá wọlé ni màá fi kún un.