Èyí tó wà nílẹ̀, èyí tí wọ́n dá iye lé, àbí èyí tẹ́ ẹ jọ máa kọ díẹ̀díẹ̀: sọ́fítíwíà wo ni kẹ́ ẹ sanwó fún?

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù, iléèwé, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wá ń wá sọ́fítíwíà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú ẹ̀. Ó lè ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán kó máa sanwó oṣooṣù. Ó lè kó gbogbo ohun tó fẹ́ sínú ìwé, kí wọ́n dá iye kan lé e, káwọn dẹfẹ́lópà, ìyẹn àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, lọ, kí wọ́n padà gbé e wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó sì lè bá wọn jọ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kó máa lò ó bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kó máa sọ pé "rárá o, báyìí kọ́ la ṣe ń ṣe é." Mo ti rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tí kò ní èyí tó wù ú.

Ká tètè sọ ti èyí tó wà nílẹ̀, torí òun ló yá jù. Tó bá jẹ́ risíìtì, owó-oṣù òṣìṣẹ́, àbí kíka ọjà lẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kó wá kọ nǹkan tuntun fún yín, Excel gan-an lè tó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn, dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan ò tíì tó ₦500 ní ti ìjọba, kí February 2024 tó parí ó ti kọjá ₦1,400. $30 ṣì ni $30, ẹ wo ohun tó ń jáde lápò yín. Yàtọ̀ síyẹn, òun ló máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣiṣẹ́, ẹ ò lè bá a jiyàn.

Ìgbà tí iṣẹ́ yín bá ní òfin tiẹ̀ lọ̀rọ̀ ń le. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà n'Íbàdàn tí mo bá ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, èèyàn lè yá ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́, onídùúró méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó bá sì ti dúró fún ẹni méjì ò lè dúró fún ẹlòmíì mọ́. Kí n tó débẹ̀ wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún àwọn kan, iye kan gbòógì, ìwé àdéhùn tó nípọn, gbogbo òfin wọ̀nyí ló wà nínú ẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá, wọ́n gbé e wá, ó ń dán. Ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ ni ìyá aláṣọ kan kó owó tiẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá pa pọ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, sọ́fítíwíà ò mọ ibi tó máa kọ ọ́ sí. Wọ́n pe àwọn tó ṣe é, wọ́n ní kò sí nínú ìwé. Òótọ́ ni, kò sí nínú ìwé! Akápò ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, kò mọ̀ pé ó jẹ́ nǹkan téèyàn ń sọ. Ṣé ẹ rí i, ẹnikẹ́ni ò parọ́ níbẹ̀, owó ṣáà ti lọ.

Ìgbà tá a tún un ṣe, ìwé àfipamọ́ nìkan la fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kọ, kò sí ẹ̀yáwó, kò sí onídùúró. Akápò lò ó nípàdé pẹ̀lú káàdì ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bínú sí nǹkan mẹ́rin kó tó dìde. Àwọn nǹkan mẹ́rin yẹn la fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì kejì.

Kì í ṣe tiwa nìkan. FBI, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba l'Amẹ́ríkà, ná nǹkan bíi $170 mílíọ̀nù sórí sọ́fítíwíà kan tí wọ́n ń pè ní Virtual Case File, wọ́n pa á tì ní 2005. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn, Sentinel, ní 2006, kọ́ńtíráàtì ńlá náà ni, ó tún ń fà. Ní 2010 wọ́n gba iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ara wọn, wọ́n dín èèyàn kù, wọ́n ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ó dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní July 2012. September 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ ní ó máa parí o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ti díẹ̀díẹ̀ kì í pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó wéra. Ti iye kan, ẹ mọ iye ẹ̀ lónìí, àmọ́ gbogbo "ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa yí èyí" ló máa ní owó tiẹ̀. Ti díẹ̀díẹ̀, ẹ ò mọ àròpọ̀ ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì méjì lẹ ó máa san, tó bá sú yín ní ìkẹrin, ohun tẹ́ ẹ ti ń lò wà lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ kan ló máa fọwọ́ sí owó, tí wọ́n ń bèèrè iye pàtó, ẹ lè dá iye tí owó ò gbọ́dọ̀ kọjá lé e kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ohun tó wà nínú ẹ̀ máa yí padà.

Àmọ́ owó kọ́ ló wọ́n jù nínú ti díẹ̀díẹ̀, àkókò yín ni, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ ọ́. Ẹnì kan láàárín yín gbọ́dọ̀ máa jókòó tì wọ́n, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tó sì lè sọ pé "ṣe báyìí" láì kọ́kọ́ lọ bi alága. Tẹ́ ẹ bá rán ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà, tí kò mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń yáwó, ẹ kúkú lọ ti iye kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fagi lé dẹ́mò, ìpàdé tí wọ́n ti fẹ́ fi ohun tí wọ́n kọ hàn, mẹ́ta léra nítorí ọ̀gá wà lóde ìnáwó, àwọn dẹfẹ́lópà wá ń méfò, wọ́n sì ń gbowó ọ̀sẹ̀ méjì méjì wọn.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ rí i pé kóòdù, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ gan-an, wà lórí àkáǹtì tó jẹ́ tiyín ní GitHub, ibi tí wọ́n ń kó kóòdù pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ ra dómẹ́ènì, ìyẹn àdírẹ́sì yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ lè dúró nígbàkígbà. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ mú ìdajì owó wá kẹ́ ẹ tó rí nǹkankan tẹ́ ẹ lè tẹ̀ lórí fóònù yín, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ̀sẹ̀ méjì kan ná, ẹ ó san ti ìyẹn.