Iṣẹ́ Àlàáfíà Tí Wọ́n Ṣe fún Làìbéríà: Ta Ni Oníbàárà?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bá Làìbéríà parí ogun. Ti àkọ́kọ́, tí wọ́n fi ìbò oṣù Keje ọdún 1997 dé lórí, kò pé ọdún méjì kó tó tú. Èkejì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Accra ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ti lé ní ogún ọdún báyìí, ogun kò sì tíì padà. Nígbà tó jẹ́ pé àjọ ECOWAS ló ṣíwájú nínú méjèèjì, tí owó àti ẹ̀mí ọmọ Nàìjíríà sì bá a lọ, ó tọ́ kí a yẹ iṣẹ́ náà wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ kafíńtà wò kí a tó san àṣẹ́kù owó fún un.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG, ẹ̀ṣọ́ àlàáfíà tí ECOWAS rán, gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia. Wọn kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun Prince Johnson, olórí ọlọ́tẹ̀ kan, fi wọ inú ọgbà wọn gan-an, tí wọ́n mú Ààrẹ Samuel Doe lọ, tí wọ́n sì pa á. Iṣẹ́ ààbò kò lè bẹ̀rẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, n kò ní fi ìyẹn nìkan dá wọn lẹ́jọ́, nítorí pé nígbà tí Amẹ́ríkà wá kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ kúrò, ECOMOG ló dúró, òun ni kò sì jẹ́ kí Charles Taylor, olórí ọlọ́tẹ̀ mìíràn, fi ipá gba Monrovia. Ó dùn mí láti fi kún un pé àwọn ará ìlú náà yí lẹ́tà orúkọ ECOMOG po, wọ́n ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo mọ́tò àti ohunkóhun tó bá lè yí ti di àwátì. Ẹni tó bá jalè nínú aṣọ ọmọ ogun orílẹ̀-èdè wa, orúkọ wa ló bà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdí tábìlì ìpàdé ni iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ jù. Àdéhùn tó lé ní mẹ́wàá ni wọ́n ṣe, tí wọ́n sì ń dà. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní Àbújá lọ́dún 1995, wọ́n fún Taylor àti àwọn olórí ọlọ́tẹ̀ mìíràn ní àga nínú ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe ìjọba, bí ẹni pé àwọn tó ń dáná sun ilé ni oníbàárà tó yẹ kí á tẹ́ lọ́rùn. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin ọdún 1996, ìbọn tún ti ń dún láàárín Monrovia. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó dìbò yan Taylor, ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí ẹ̀rù pé bó bá fìdí rẹmi, yóò padà sínú igbó.

Ohun tó yàtọ̀ ní ọdún 2003 ni pé àwọn obìnrin kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí pápá tó wà lẹ́bàá ọjà ẹja ní Monrovia, wọ́n ń bèèrè àlàáfíà, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n. Nígbà tí ìpàdé Accra falẹ̀, tí àwọn aṣojú ọlọ́tẹ̀ ń jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì tí àdó olóró ń bọ́ lé Monrovia lórí, Leymah Gbowee, tó ń ṣíwájú wọn, kó àwọn obìnrin lọ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọ́n ní ẹnì kankan kò ní jáde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú un, ó sì ní òun yóò bọ́ra sílẹ̀ níwájú wọn. Kò sí Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí ìhòòhò ìyá jẹ́ fún. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tó ń ṣe alárinà, jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n lé wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni oníbàárà gan-an ti wọlé ìpàdé.

Taylor kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì fún un ní ibùgbé ní Calabar. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i nígbà náà. Ní tèmi, owó ìlẹ̀kùn ni, kí ọ̀nà lè là, wọ́n sì padà mú un lẹ́nu ibodè wa lọ́dún 2006, tí ó fi jẹ́jọ́ lórí ọ̀ràn ogun Sierra Leone, tí ilé ẹjọ́ sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n àádọ́ta ọdún ní 2012.

Iṣẹ́ gbígba ohun ìjà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ní bárékè Schieffelin lẹ́yìn Monrovia, wọ́n ṣèlérí 300 dọ́là fún ajagun kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò pín san lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó wá pọ̀ ju àwọn tí wọ́n múra sílẹ̀ dè lọ, wọ́n fẹ́ owó wọn lójú ẹsẹ̀, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró títí di oṣù Kẹrin ọdún 2004. Nígbà tí wọ́n parí, ènìyàn tó lé ní 100,000 ti forúkọ sílẹ̀, ìbọn tó jáde kò sì ju nǹkan bíi 28,000 lọ. Ẹ fúnra yín ṣe ìṣirò rẹ̀.

Mo fún iṣẹ́ ọdún 1997 ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún, nítorí àwọn tí ECOMOG gbà là. Mo fún ti ọdún 2003 ní mẹ́rin. Ìràwọ̀ karùn-ún ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí pé ẹni tó sun ilé gba 300 dọ́là, ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ kò rí nǹkan gbà. Lọ́dún 2009 ni ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà ti ní kí wọ́n dá ilé ẹjọ́ pàtàkì sílẹ̀ fún ọ̀ràn ogun náà, ọdún 2024 ni Ààrẹ Joseph Boakai tó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n ṣí ọ́fíìsì tí yóò ṣètò rẹ̀.