Àpò irinṣẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ "Under-19" sí lára: àgbéyẹ̀wò láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà fi rọ́ọ̀nù (àmì ayò) méjì péré na New Zealand ní Kuching, ní orílẹ̀-èdè Malaysia. Òjò ti gé eré náà kù sí óvà mẹ́tàlá-mẹ́tàlá (óvà kan jẹ́ jíjù bọ́ọ̀lù mẹ́fà). Tiwa kó 65, tiwọn dúró ní 63. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn obìnrin wa dé Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 19. Àwọn ọkùnrin ti lọ tiwọn ní South Africa ní 2020. Láti ìgbà yẹn ni àwọn ọlọ́jà ti ta jí: ẹ ó máa rí àpò irinṣẹ́ tí wọ́n kọ "Under-19" gàdàgbà sí lára, bí ẹni pé ìdíje yẹn gan-an ni wọ́n ti kó o bọ̀. Èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí gba wéébíìlì láti Èkó, ó sì ti rí òjò, ó ti rí ọyẹ́, lórí ilẹ̀ pupa pápá ilé-ìwé àti lórí kọnkéré.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: báàtì méjì, páàdì ẹsẹ̀ méjì-méjì fún ẹni méjì, ìbọ̀wọ́ ẹni méjì, akoto méjì, bọ́ọ̀lù mẹ́fà, wíkẹ́ẹ̀tì (igi mẹ́ta tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀) ojú méjì pẹ̀lú béèlì wọn (igi kéékèèké orí rẹ̀), àti páàdì òun ìbọ̀wọ́ kípà (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn wíkẹ́ẹ̀tì) kan. Orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ, àmọ́ orúkọ àpò yìí kò rò ó rárá. Báàtì àti páàdì rẹ̀ tó owó tí wọ́n gbà. Bọ́ọ̀lù àti akoto ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ọ̀lù ṣáájú. Òfin kíríkẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n fún bọ́ọ̀lù ọkùnrin, fún ti obìnrin, àti fún ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé 13. Ti ọkùnrin jẹ́ gíráàmù 156 sí 163, yíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 22.4 sí 22.9. Ti obìnrin jẹ́ gíráàmù 140 sí 151, yíká rẹ̀ 21 sí 22.5. Ti ọmọdé jẹ́ gíráàmù 133 sí 144, yíká rẹ̀ 20.5 sí 22. Ìdíje Under-19 kò ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lọ́tọ̀: bọ́ọ̀lù àgbà ni, ọkùnrin pẹ̀lú ti ọkùnrin, obìnrin pẹ̀lú ti obìnrin. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú àpò yìí, kò sí ọ̀kan tó tó gíráàmù 142 lórí òṣùwọ̀n. Bọ́ọ̀lù ọmọdé ni wọ́n. "Youth" nìkan ni wọ́n kọ sí páálí wọn, wọn ò kọ gíráàmù kankan.

Ẹni tí kò mọ̀ lè ní kí ni gíráàmù ogún ó ṣe. Ọwọ́ tó bá ti mọ́ bọ́ọ̀lù fífúyẹ́ lára, bó bá gba ti àgbà, ibi tó fojú sùn kọ́ ni bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí, yóò kúrú. Ẹni tó ń gbá a náà yóò rí i pé báàtì ń yí lọ́wọ́ òun, nítorí èyí tó wúwo ń tì í sẹ́yìn ju bó ṣe rò lọ. Kò sì sí àyè láti máa fi bọ́ọ̀lù ọmọdé fà á títí: láti 2020 ni ICC (àjọ tó ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì lágbàáyé) ti ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 15 kò gbọdọ̀ gbá eré àgbáyé kankan, Under-19 wà lára rẹ̀, àfi bí ICC bá yọ̀ǹda fún un lọ́nà àkànṣe. Ẹni tó bá pé 15, ẹni ọdún 18 ló lè máa jù ú sí i.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Ẹ yá téèpù télọ̀, ẹ fi yí bọ́ọ̀lù ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán rẹ̀, kì í ṣe lórí òwú, torí òwú yọ síta, yóò sì fi kún un. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n onínọ́ńbà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn fúláwà. Òṣùwọ̀n ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹja kò lè dá gíráàmù 140 mọ̀ yàtọ̀ sí 156.

Nípa bí wọ́n ṣe ṣe é: awọ ìdá méjì ni wọ́n rán pọ̀, kì í ṣe ìdá mẹ́rin, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó rí bí ẹyin. Lórí ilẹ̀ pupa, dídán rẹ̀ ń lọ láàárín óvà mẹ́wàá. Lórí kọnkéré, òwú ló kọ́kọ́ ń já. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òjìji. Bómi bá wọ kọ́ọ̀kì inú rẹ̀, ó ti tán nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ akoto le ju ti bọ́ọ̀lù lọ, torí orí ọmọ ló wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí ICC fara mọ́ ni BS7928:2013. Nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò, wọ́n máa ń ta bọ́ọ̀lù lu irin iwájú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò gba àárín irin kọjá dé ojú. Bọ́ọ̀lù àgbà ní ìdánwò tirẹ̀, ti ọmọdé ní tirẹ̀, lébẹ́ẹ̀lì inú akoto yóò sì sọ èyí tó yege. Akoto méjèèjì inú àpò yìí yege pẹ̀lú ti ọmọdé nìkan. Fún ọmọkùnrin tó ń múra Under-19, kò tó. Fún obìnrin, bọ́ọ̀lù wọn wà láàárín méjèèjì, nítorí náà èyí tó yege pẹ̀lú méjèèjì ni kí ẹ wá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ICC ti sọ ọ́ di dandan kí ẹni tó bá ń kojú àwọn tó ń jù ú kíákíá dé akoto, kípà tó bá sún mọ́ wíkẹ́ẹ̀tì náà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bà á gidi lẹ́ẹ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bí ẹ ò bá rí ibi tó sán. Kí ẹ má sì gbé e fún wẹ́dà pé kó tún irin iwájú tẹ̀.

Báàtì ló wù wá jù. Igi willow ti Kashmir ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ó pọ́n díẹ̀, ó wúwo, ìlà ara rẹ̀ kò sì tọ́ tó ti èkejì. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kò burú, ó ń forí tì í. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 6, èkejì jẹ́ Harrow, èyí tó wà láàárín nọ́ńbà 6 àti ti àgbà. Kí ọmọ dúró, kí ẹ gbé báàtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí ọwọ́ báàtì kò gbọdọ̀ kọjá ìbàdí. Kó wá fi ọwọ́ òkè (èyí tó ń di òkè ọwọ́ báàtì mú) nìkan nà án síwájú. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n kíákíá, ó wúwo jù fún un.

Wọ́n lẹ "ready to play" mọ́ ọn, pé ó ti ṣeé gbá láìfi òróró pa á, láìlù ú. Ẹ má dá a lóhùn. Òróró linseed tí wọn kò sè ni kí ẹ wá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà, èyí tí wọ́n kọ "boiled" sí ló wọ́pọ̀, ó ní kẹ́míkà tó ń mú un gbẹ, yóò sì di èèpá lójú igi. Ṣíbí tíì kan tó. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á sí ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́, ìdí àti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọwọ́ ti wọ inú igi, torí yóò tú gúlúù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ fún wákàtí 24, kí ẹ tún un pa lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà yẹn ni lílù kàn. Káfíńtà lè gbẹ́ òòlù onígi líle fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ máa fi agbára kún un, fún wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lápapọ̀, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ dagun òòlù sí i ni. Ìdí rẹ̀, ẹ má lù ú lójúkorojú, yóò là. Ẹ wá fi bọ́ọ̀lù ògbólógbòó dán an wò: bí ojú òwú bá ṣì ń hàn lára igi, kò tíì tó. Nígbà ọyẹ́, ẹ fún un ní òróró fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ má gbé e ti ògiri páànù. Òróró àpọ̀jù náà ń pa á, kò ní ta mọ́.

Wíkẹ́ẹ̀tì ga ní sẹ̀ntímítà 71.1 bó ṣe yẹ, àmọ́ kò ní irin ní ẹnu. Ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọyẹ́ kì í gba igi bẹ́ẹ̀; ẹ lù ú, orí rẹ̀ yóò fọ́n. Ẹ da omi síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fi ọ̀pá irin lu ihò láàárọ̀, kí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má fẹ̀ ju sẹ̀ntímítà 22.86 lọ láti ìkangun dé ìkangun. Láti ojú kan dé èkejì jẹ́ mítà 20.12. Béèlì wọn fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn ọyẹ́ ń gbé e lọ kí bọ́ọ̀lù tó dé. Òfin gba béèlì wúwo láyè, kí káfíńtà fi igi tó le gbẹ́ ẹ. Fún orí kọnkéré, wọn ò fi ìdúró kankan sí i, wẹ́dà ni yóò ṣe é.

Ìbọ̀wọ́ dára, ṣùgbọ́n ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni méjèèjì. Ọlọ́wọ́ òsì kò gbọdọ̀ yá a lò, nítorí àfikún ààbò tó wà fún àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ ìsàlẹ̀ yóò bọ́ sí ọwọ́ òkè, ọwọ́ tó ń gba ìyà yóò sì wà ní ìhòòhò. Páàdì kò ní wàhálà púpọ̀. Eèmọ́ inú koríko nìkan ló ń dí ìdè rẹ̀ tí kò fi ní lẹ̀ mọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù yọ ọ́. Ohun tí wọ́n fi abẹ́ ọkùnrin sí kò sí nínú àpò rárá, èyí sì jẹ́ àìnáání gbáà.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ní kí ọlọ́jà ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì inú akoto àti ti páálí bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ kó tó fún wéébíìlì ní ẹrù. Bó bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ ra báàtì àti páàdì lọ́tọ̀, kí ẹ fi owó tó kù wá akoto tó yege pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àgbà.