Ife Kọfí Tí Ó Ń Pe Ara Rẹ̀ Ní Tiwa

Mo yà sí ilé kọfí tuntun kan ní Yábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri níta pé kọfí Nàìjíríà ni àwọn ń tà. Wọ́n ya gángan sára ife, wọ́n sì kun àwọn àga ní àwọ̀ ewé àti funfun.

Kọfí náà dára. Ó gbóná, ó ń ta sánsán, kò korò jù, ọmọbìnrin tí ó gbé e wá sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń ra hóró kọfí wọn, ó ní láti òkè òkun ni. Èsì náà dùn mí gidigidi, nítorí pé kọfí ń hù ní Kábbà, lọ́dọ̀ àwọn Òkun tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó ń hù lórí òkè Mambilla ní Tàràbà, àwọn onímọ̀ CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ kòkó, sì ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń kó ìpápánu sí, n kò rí kókóró, n kò rí róbó, n kò rí puff-puff.

Ní Kánádà, Tim Horton tí ó ń gbá họ́kì orí yìnyín ló dá ilé kọfí Tim Hortons sílẹ̀ ní Hamilton ní ọdún 1964. Láti ọdún 2014, àwọn olówó Brazil wà lára àwọn tí ó ní in, síbẹ̀ àwọn ará Kánádà ṣì ń pè é ní tiwọn. Òótọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ náà ń fi ìpolówó rán wọn létí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn oníbàárà ni “double-double”, ìyẹn kọfí oníwàrà méjì àti ṣúgà méjì, ti gbilẹ̀ títí ó fi wọ ìwé atúmọ̀ èdè Canadian Oxford ní ọdún 2004.

Ní Èkó, mai ṣáyì ẹ̀gbẹ́ títì ni mo mọ̀ tí ó ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọmọ Hausa ló ń da tíì láti ife dé ife kí ó lè tutù, Yorùbá àti Ìgbò jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, búrẹ́dì Agége wà lọ́wọ́ kálukú, kò sì sí ẹni tí ó ya àsíá kankan sára ògiri.

Mo fún kọfí ilé yìí ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn kò lè gbà ju méjì lọ lọ́wọ́ mi, àfi bí wọ́n bá lọ ra hóró ní Kábbà.