REAPER lórí láptọ́ọ̀pù àtijọ́: ó fi ẹni tó ń jẹ CPU hàn mí

Tí Iléyá bá ti kù bí oṣù kan, yàrá tí mo ti ń gba orin sílẹ̀ ní Mọ́lípa, Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣófo. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ á máa wá ṣe orin tí wọ́n máa fi wọ Ojúde Ọba. Lọ́dún yìí, orin àwọn ìyá kan tó tíráàkì 24: gángan, ìyáàlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, ègbè lóríṣiríṣi. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ohùn á máa ta pá-pá-pá bí àgbàdo nínú agbada, á sì dákẹ́ lójijì. Alága wọn yọ headphone létí: "Bọ̀dá, ohùn mi ń já o." Ojú tì mí gan-an.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní kí n fi RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) kún láptọ́ọ̀pù mi. Owó lọ, ariwo ò lọ.

Ni mo bá kó gbogbo ohùn náà lọ sínú REAPER, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba orin sílẹ̀ tí a sì fi ń tún un ṣe, mo tò ó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni Performance Meter. Tẹ Ctrl, Alt àti P pọ̀, á to tíráàkì sílẹ̀, á sọ iye CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Gángan àti agogo ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ègbè mẹ́jọ ni, tí mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní reverb tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà! Mo yọ gbogbo ẹ̀, mo fi reverb kan ṣoṣo sórí tíráàkì kan, mo darí ègbè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ síbẹ̀. Tíráàkì tí plug-in (ètò kékeré tí a ń fi kún REAPER) ti ń tún ohùn ṣe, mo fi Freeze dì í, kí CPU má bàa máa tún iṣẹ́ kan náà ṣe. CPU tó ti ń sún mọ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ sí bíi 35.

Tí olórin bá ń kọrin, buffer mi (iye ègé ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde) máa ń wà ní 128 kó lè tètè gbọ́ ara ẹ̀. Ní 44,100 Hz (ègé ohùn 44,100 ní sẹ́kọ́ńdù kan), ìyẹn jẹ́ bíi milisẹ́kọ́ńdù 3. Tí mo bá ń po àwọn ohùn náà pọ̀, mo gbé e sí 1024, kí CPU lè ráyè ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, bí NEPA bá ti mú iná, ariwo á tún dé. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi REAPER: Windows ló ń dín agbára CPU kù kí bátìrì lè pẹ́. Mo yí i sí High performance, mo sì ń pa Wi-Fi tí a bá ń gba ohùn.

Ọjọ́ 60 ni àwọn tó ṣe REAPER fún mi láti fi dán an wò. Lẹ́yìn náà, dọ́là 60 ni fún irú wa tí iṣẹ́ wa ò mú ju dọ́là 20,000 wọlé lọ́dún. Mo ti san tèmi. Kò bá ohùn ìlù tàbí dùùrù gidi wá, mẹ́nù rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó gbà mí ní odidi ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀nà.

Alága tún gbọ́ orin náà lánàá. Ó ní kí n gbé gángan sókè díẹ̀ sí i.